Ẹ máa bi ẹni tí ibà ń ṣe bóyá eégbọn so mọ́ ọn lára

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti Ìlárẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀, ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nítorí àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ lórí ooru tó ń mú jù bó ṣe yẹ lọ. Àròkọ náà dára. Ó sọ ti iṣu tó ń jóná nínú ebè, ó sọ ti kànga tó ń gbẹ, ó sì sọ ti ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan eégbọn rárá, eégbọn gan-an ló sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn kí n tó fẹ̀yìn tì, eégbọn tí mo sì ti fi ọwọ́ ara mi já lára ẹran kò lóǹkà.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ibà mú ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Orí ń fọ́ ọ, gbogbo oríkèé ń ro ó, ara rẹ̀ sì gbóná janjan. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí, wọ́n ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n kó oògùn ibà fún un. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta kọjá tí ara kò balẹ̀, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé jẹ̀funjẹ̀fun wà níbẹ̀, wọ́n bá tún gún un lábẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan ju “Ṣé ò ń bì?” lọ. Ìyá rẹ̀ ló rí i, níbi tó ti ń fi aṣọ tútù nù ún lára, pé egbò kékeré kan wà lẹ́yìn orúnkún rẹ̀: àárín egbò náà dúdú, ó gbẹ, ó dà bí ibi tí iná sìgá ti jó ènìyàn, etí rẹ̀ sì pọ́n yíká. A bi ọmọ náà, ó ní ibẹ̀ gan-an ni òun ti fi èékánná já eégbọn kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, lẹ́yìn tí òun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ajá wa máa ń sùn sí. Dókítà kejì tí a gbé e lọ bá wo egbò náà, ó pààrọ̀ oògùn, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ kejì, ọmọ ti ń bèèrè dòdò. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé eégbọn ló fa ibà yẹn, n kò sì fẹ́ purọ́ mọ́ eégbọn. Ṣùgbọ́n irú egbò dúdú bẹ́ẹ̀ jẹ́ àmì tí àwọn oníṣègùn mọ̀ mọ ibà tí bakitéríà inú eégbọn ń fà, oògùn ibà ẹ̀fọn kò sì lè ṣe bakitéríà náà ní nǹkan kan.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀dá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Eégbọn kì í ṣe ìran ẹ̀fọn tàbí eṣinṣin. Ìbátan aláǹtakùn àti àkeekèé ni. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láti inú ẹyin, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló máa ń ní, kò sì tóbi ju ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní láti mu ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè bọ́ awọ, kí ó sì di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ; ó tún ní láti mu òmíràn kí ó tó dàgbà; abo tó bá dàgbà yóò wá mu ti ìkẹyìn kí ó tó yé. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ara ẹran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta yìí, ibẹ̀ sì ni àìsàn ti ń kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Èyí tó bá mu yó yóò wú títí yóò fi dà bí kóró lárà, kò sì yani lẹ́nu pé orúkọ kan náà ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń pe eégbọn àti lárà ní èdè Látìnì. Abo eégbọn ajá kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó 4,000 sínú ihò ara ògiri. Èmi fúnra mi ti fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn kọ́tínì pálọ̀ mi lóru, mo sì rí àwọn ọmọ eégbọn tí wọ́n ń gun ògiri lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bí ìgbà tí ìjàlọ ń ṣí kúrò níbi kan.

Eégbọn kò ní ooru tirẹ̀ nínú ara bíi tiwa. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe móoru sí ni ẹyin rẹ̀ ń yára pa sí, tí òun náà sì ń yára dàgbà. Bí òtútù bá mú, yóò máa lọ́ra tàbí kí ó kú. Ọ̀tá rẹ̀ tó le jù ni gbígbẹ, nítorí omi ara rẹ̀ tètè ń tán, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé àti sínú koríko tútù. Ní Kánádà, níbi tí òtútù ti máa ń dá wọn lẹ́kun, ìgbà òtútù kò le bíi ti àtijọ́ mọ́, eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú sì ń tẹ̀ síwájú síhà àríwá. Àìsàn tó ń gbé kiri ni Lyme, tí wọ́n fi ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà sọ lórúkọ. Ènìyàn 144 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó mú ní Kánádà ní ọdún 2009; nígbà tí yóò fi di ọdún 2017, wọ́n ti di 2,025. Ní Jámánì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2018 tí ooru mú kọjá àlà, wọ́n rí eégbọn Hyalomma, tí a mọ̀ mọ Áfíríkà àti Éṣíà, tí àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri gbé débẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ẹyẹ náà ti ń gbé e kiri. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ni pé ó bá ooru tó lè mú un dàgbà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i ni eégbọn yóò máa pọ̀ sí i níbi gbogbo. Ibi tó bá gbẹ jù yóò lé e lọ ni. Àmọ́ àwa tí a wà ní ilẹ̀ ìgbó, tí òjò ń rọ̀ fún wa láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, ọ̀gbẹlẹ̀ kọ́ ni yóò gbà wá lọ́wọ́ eégbọn.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti eégbọn ajá, nítorí inú ilé ló ń gbé pẹ̀lú wa. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe: wọ́n fi ènìyàn sínú àpótí onígi ńlá kan, wọ́n fi ajá sínú èkejì, wọ́n fi ọ̀pá oníhò kan so àpótí méjèèjì pọ̀, wọ́n wá fi eégbọn sáàárín kí ó yan ibi tó wù ú. Bí wọ́n ṣe gbé ooru láti nǹkan bí ìwọ̀n 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius dé nǹkan bí 38, eégbọn ajá, pàápàá ẹ̀yà rẹ̀ tó jẹ́ ti ilẹ̀ olóoru, túbọ̀ ń fi ajá sílẹ̀, ó ń wá ènìyàn lọ. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ páànù tí kò ní sílìnì ní Mọ̀ọ́rè tàbí Ìrẹmọ, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán oṣù kejì, nígbà tí kò sí iná tí yóò yí fáànù, yóò mọ̀ pé 38 kò jìnnà sí wa. Ọdún 2024 sì ni ọdún àkọ́kọ́ tí ooru gbogbo ayé fi ju ti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá kò tíì gbòde lọ pẹ̀lú ìwọ̀n kan ààbọ̀.

Ti màlúù yàtọ̀. Bí koríko bá ti gbẹ lókè ọya, àwọn darandaran á kó ẹran wá sí ọ̀dọ̀ wa, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì ṣe yá sí lọ́hùn-ún ni wọ́n ń yá dé ìhín sí. N kò sọ èyí láti fi epo sí iná ìjà àgbẹ̀ àti darandaran, ìyẹn ti tó bó ṣe yẹ. Eégbọn kì í bèèrè ẹ̀yà kí ó tó so mọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojú-ọjọ́ nìkan ló jẹ̀bi, nítorí ẹ̀yà eégbọn màlúù kan tó ń yọ àwọn ọlọ́sìn lẹ́nu káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà báyìí, ara màlúù tí wọ́n kó wọlé láti Bràsíìlì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ló bá dé. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni eégbọn ńlá tó máa ń so mọ́ abẹ́ ìrù àti ọmú màlúù, tí ẹ̀yìn akọ rẹ̀ dà bí ọsàn pípọ́n tí a fi dúdú fín. Lára rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn ní ọdún 1964, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Dúgbẹ̀. Orúkọ ọjà tiwa wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbọ́ rí. Ibà tí kò le ni Dúgbẹ̀ ń fà, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì yìí ní ẹ̀gbọ́n tó burú: fáírọ́ọ̀sì ìbátan rẹ̀ tó ń fa ibà ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Crimea ní ọdún 1944, tí wọ́n tún rí ní Kóńgò ní ọdún 1956. Ó lè pa tó mẹ́rin nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá mú. Màlúù tó ní in kì í ṣàìsàn. Ara rẹ̀ á máa dán gbinrin. Alápatà tó fi ọwọ́ lásán dúńbú rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kan ojú egbò lọ́wọ́ rẹ̀, ni yóò gbé e relé.

Ní odò ẹran tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ alápatà a máa fi èékánná fọ́ eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n á sì mú búrẹ́dì wọn padà. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àwọn àgbà ní bí eégbọn bá so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, a kì í ní kí adìẹ wá já a. Ọmọ iṣẹ́ kò lè dojú kọ ọ̀gá rẹ̀ pé kó ra ìbọ̀wọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó orí ẹran kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa ló lè sọ ọ́ di dandan.

Nínú ilé, ọ̀nà tí à ń gbà já eégbọn kò dára. A ń da kẹrosíìnì sí i, a ń fi ìṣáná jó o, a ní kí ó jáde fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣe ni eégbọn tí ara ń ni lè tu itọ́ sí ẹni náà lára sí i. Ẹ̀mú kékeré tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ojú ti tó: kí a fi mú un níbi ẹnu rẹ̀, kí ẹnu ẹ̀mú fara kan awọ ara, kí a fà á sókè gbọọrọ láìlọ́ ọ, kí a sì fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Kí a má fi ìka fọ́ ọ. Kí a kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ó lè rọrùn láti rántí bí ibà bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ní ti ajá, ẹ dákun, ẹ yé fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì yọ kúrò nínú mọ́tò kùn wọ́n lára, ẹ sì yé fi oògùn tí ẹ ń fín sí kòkó wẹ̀ wọ́n. Mo ti bá ajá mẹ́ta nílẹ̀ lóko kan náà, àárọ̀ ọjọ́ kejì tí olówó wọn fi oògùn kòkó wẹ̀ wọ́n. Eégbọn wà lára ọ̀kan síbẹ̀. Dókítà ẹran ní oògùn tí kò ní pa wọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá ti ń bi ẹni tí ibà ń ṣe bóyá ó ń bì, kí ó tún bi í bóyá eégbọn so mọ́ ọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bóyá ó ń sin ajá tàbí ó ń pa ẹran, kí ó sì wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ẹ̀yìn etí rẹ̀ bóyá egbò dúdú wà níbẹ̀. Mo ti kọ ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé kan, mo sì ti fún nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ wa lọ. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àwọn aláìsàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìlárẹ́, Ilé-Ifẹ̀.