Fọlákẹ́, Iṣẹ́ Yìí Nílò Ìṣirò Rẹ

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Jámánì? Ara màmá rẹ le. Mo rí wọn ní ọjà Sábó lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n kí ọ, pé kí o máa jẹun dáadáa.

O bi mí bóyá ẹni tó kọ́ ìṣirò, tó ń kọ prógíráàmù fún báńkì, lè yà sídìí ìwádìí ìṣègùn láìkọ́ṣẹ́ dókítà. Ó lè ṣe é. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe jẹun nìyẹn. N kì í fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti di lẹ́tà DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a jogún tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́: A, C, G àti T, nǹkan bíi bílíọ̀nù 3. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń wá ibi tí ti aláìsàn ti yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Nígbà mìíràn, lẹ́tà kan péré ni. A kan tó di T ló ń fa àìsàn fòníkúfọ̀ládìde.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Àrùn kíndìnrín ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jà ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ní 2008, jíìnì kan (apá kan nínú DNA tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) tó ń jẹ́ MYH9 ni wọ́n fura sí. Nígbà tó di 2010, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ DNA àwọn Yorùbá tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ n'Íbàdàn wò, ló bá hàn pé APOL1, aládùúgbò MYH9, ló wà nídìí ọ̀ràn. Ìyípadà inú APOL1 yìí ń ran ara lọ́wọ́ láti kojú kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, àmọ́ ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wà nínú ewu àrùn kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa ló tú àṣírí yẹn, Fọlákẹ́! Àkọsílẹ̀ náà wà ní gbangba, ọ̀fẹ́ ni. Mélòó nínú wa ló ń kà á? Ó dùn mí gan-an. Kì í ṣe pé a ò lè ṣe é: ní 2020, Yunifásítì Redeemer's tó wà l'Ẹ́dẹ ló kọ́kọ́ ka lẹ́tà kòkòrò Kòrónà ní gbogbo Áfíríkà.

Owó ìwádìí máa ń tán kí iṣẹ́ tó tán, o sì mọ ọ̀rọ̀ iná n'Íkòròdú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kó àwọn oníṣirò síyọnu jù ni pé wọn kì í béèrè ibi tí nọ́ńbà ti wá. Bí ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn bá gba ilé àyẹ̀wò kan, tí ti àwọn tí ara wọn le gba òmíràn, ìyàtọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa gbé jáde lè jẹ́ ti ilé àyẹ̀wò, kó má jẹ́ ti àìsàn rárá. Torí náà, jókòó ti àwọn dókítà àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò, kí o bi wọ́n ní ìbéèrè títí yóò fi yé ọ.

Má tíì fi báńkì sílẹ̀. Wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wá 1000 Genomes, àkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ tí mo sọ yẹn, gba krómósóómù 22 (ìdì DNA tí APOL1 wà nínú rẹ̀) ti àwọn Yorùbá Ìbàdàn sílẹ̀, kí o fọwọ́ ara rẹ wá APOL1. Ohun tí o bá rí, kọ ọ́ sí mi. Èmi náà á jókòó, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́sẹ̀