Sí Àkànní: Fi téèpù wọn ikùn rẹ

Àkànní ọmọ mi,

O ní o ti wọn kílò 104, àti pé ara ọlà ni. Bí o ṣe ga ní sẹ̀ǹtímítà 176, ìwọ̀n yẹn ti wọ ìsanrajù, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rá náà jókòó sí ló kàn mí jù. Ọ̀rá abẹ́ awọ ìdí àti itan kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó ká mọ́ ìfun nínú lọ́hùn-ún ló léwu, torí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ń gbé ọ̀rá lọ sínú ẹ̀dọ̀ tààrà. Tí ọ̀rá bá kún ẹ̀dọ̀, kò ní gbọ́ ti ínsúlínì (èròjà tó ń mú kí ara gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) mọ́, á máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kódà nígbà tí o ò tíì fẹnu kan oúnjẹ. Ẹran ara náà ò ní gba ṣúgà wọlé bó ṣe yẹ. Páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì, á wá máa ṣe àṣekún fún ọdún púpọ̀, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni àtọ̀gbẹ máa ń fojú hàn, bẹ́ẹ̀ ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, má sọ fún mi pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́.

Ara ńlá ń béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ọkàn. Kíndìnrín ń dá iyọ̀ dúró, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń ga, apá òsì ọkàn á nípọn, á sì le, kò ní lè tú ara sílẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹni náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ á máa wú. Ìyàwó rẹ ní o ń hanrun, pé èémí rẹ a máa dá díẹ̀ lójú oorun. Sọ ọ́ fún dókítà. Gbogbo ìgbà tí èémí bá dá báyẹn ni ìfúnpá ń fò sókè.

Ra téèpù télọ̀. Dúró, mí síta, má fa ikùn wọlé (mo mọ̀ ọ́). Gbé e sí àárín eegun ìhà ìsàlẹ̀ àti orí eegun ìbàdí. Tó bá lé ní sẹ̀ǹtímítà 94, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá lé ní 102, ó ti pọ̀. Tí o bá fẹ́ yẹ ṣúgà wò, má jẹun fún wákàtí 8, omi nìkan ni kí o mu. Ní ìwọ̀n mg/dL, 100 sí 125 ni ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ. Tí àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá fi 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n tó wọn ìfúnpá, jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí o sì béèrè aṣọ ìdìpá tó fẹ̀: èyí tó kéré fún apá rẹ á purọ́ pé ìfúnpá ga.

Kílò 7 péré ni kí o kọ́kọ́ dín kù. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà àtọ̀gbẹ lépa irú àdínkù bẹ́ẹ̀, wọ́n ń rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ewu náà sì fi ìdá 58 nínú 100 dín kù. Mínírà ni kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ìgò 50cl míì ní tó ṣúgà oníhóró 12 nínú. Gé òkèlè kù, fi ẹ̀fọ́ kún un. Tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kàn ń mú èèyàn yàgbẹ́ lásán ni: omi ló ń lọ, ọ̀rá wà níbẹ̀.

Fi iye téèpù àti ti ìfúnpá ránṣẹ́ sí mi ní Sátidé. Bá mi kí ìyàwó rẹ.

Ìyá rẹ ni.