Kí Ni Ó Ń Tú Páákẹ́ẹ̀tì Sílẹ̀?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde nípa bí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe lè dáàbò bo àkọsílẹ̀ owó wọn, inú mi sì dùn pé ẹ̀yin náà rí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè jẹ́ kó kọjá láìfèsì: pé bí ẹgbẹ́ kan bá ti ní sáfà méjì (ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀, tí ó sì ń dá fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lóhùn), tí èkínní sì ń fi ẹ̀dà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí èkejì nígbà gbogbo, kí ọkàn wọn balẹ̀ pé owó ẹnikẹ́ni kò ní sọnù. Ẹ̀dà nìkan kò tó. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tí sáfà èkínní ń fọhùn sí ará ìta, bóyá kí ẹ̀dà náà tó délé ni tàbí lẹ́yìn tí ó bá ti délé.

Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Sáfà wa kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè fọwọ́ kàn. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní virtual machine, sọ́fíwia QEMU ni ó sì ń gbé e ró lórí ẹ̀rọ gidi. Méjì ni wọ́n, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, èkínní a sì máa fi ipò tí ó wà ránṣẹ́ sí èkejì léraléra, kí èkejì lè gba iṣẹ́ bí èkínní bá kú. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ san gbèsè tí ó kù lọ́rùn rẹ̀. Èsì wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé a ti gba owó náà. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó gbé sáfà èkínní dákú. Èkejì dìde, ó gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìwé tirẹ̀, ìyá náà ṣì jẹ gbèsè. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń gbé fóònù rẹ̀ lọ bá akápò, tí àwọn kan sì ń wò ó bí ẹni tí ó fẹ́ rẹ́ ẹgbẹ́ jẹ, títí a fi rí àkọsílẹ̀ owó náà nínú dísíìkì ẹ̀rọ tí ó kú. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí òótọ́ ni ìyá náà ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ sọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó máa ń gé sí wẹ́wẹ́, tí ó ń dì sínú páákẹ́ẹ̀tì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣé kó mọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni páákẹ́ẹ̀tì tí ó ti jáde kúrò lára sáfà. Brendan Cully àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì British Columbia, ní Kánádà, ti fi ọ̀nà àbáyọ hàn láti ọdún 2008, nínú ètò kan tí wọ́n pè ní Remus, tí wọ́n kọ́ sórí Xen, sọ́fíwia mìíràn tí ń gbé kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ró. Ètò náà lè mú ẹ̀dà ipò kọ̀ǹpútà tó ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye yẹn ni ó wú mi lórí. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé gbogbo páákẹ́ẹ̀tì tí sáfà bá fẹ́ rán jáde ni wọ́n ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kì í sì í tú wọn sílẹ̀ àfi ìgbà tí èkejì bá dáhùn pé ẹ̀dà ti tẹ òun lọ́wọ́. Bí èkínní bá kú kí ìdáhùn yẹn tó dé, àwọn páákẹ́ẹ̀tì tí ó wà ní ìdádúró á bá a kú, kò sì sí ará ìta kankan tí ó máa mọ̀ pé wọ́n wà rí. Fóònù ìyá aláṣọ á rí i pé èsì kò dé, TCP tí ó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí ń rí i pé páákẹ́ẹ̀tì dé ibi tí ó ń lọ, á tún ìbéèrè rẹ̀ rán, sáfà èkejì á gbà á bí ohun tuntun, á sì kọ owó náà sílẹ̀. Lójú ìyá náà, kò ní ju pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fà díẹ̀ lọ, èyí tí gbogbo wa sì ti mọ́ lára.

Láti ìtẹ̀jáde 2.5 ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni QEMU ti ní àwọn asẹ́ tí a lè fi sẹ́nu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú wọn sì ni filter-buffer, tí ń dá páákẹ́ẹ̀tì dúró. Oníṣẹ́ tí ó bá wa to sáfà wa fi asẹ́ yìí sí i lóòótọ́. Níbi tí a ti ń yan ọ̀nà, ó kọ tx, nítorí pé ohun tí ó ń jáde ni tx lójú rẹ̀, n kò sì lè bá a wí púpọ̀, nítorí pé èmi náà ì bá kọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n asẹ́ yìí kò dúró sí ẹ̀gbẹ́ sáfà. Ẹ̀gbẹ́ netdev ni ó dúró sí, ìyẹn apá tí ó wà lórí ẹ̀rọ gidi, ojú ibẹ̀ ni ó sì fi ń wo ọ̀nà. Ohun tí sáfà bá sọ jáde, netdev ni ó ń gbà á wọlé, nítorí náà rx ni à ń pè é. Ohun tí ó ń bọ̀ láti ìta wá sínú sáfà ni tx. Bí ènìyàn méjì tí ó kọjú síra wọn ni, tí ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kan wà ní ìhà ọwọ́ òsì ẹnì kejì. Ohun tí a wá ń dá dúró ni owó tí àwọn ènìyàn ń san wọlé, èyí tí kò nílò ìdádúró rárá, nígbà tí èsì "a ti gbà á" ń jáde lọ fàlàlà. Oníṣẹ́ náà fi ping, irinṣẹ́ tí ń ka iye àkókò tí ìbéèrè fi lọ tí èsì rẹ̀ sì fi padà dé, dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó rí i pé èsì ń pẹ́ kí ó tó dé, ó sì gbà pé ó ti parí. Ping kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn: yálà ìbéèrè ni a dá dúró tàbí èsì, iye àkókò kan náà ni yóò kà.

Nígbà tí a yí i sí rx, mo rò pé ọ̀ràn ti tán, àfi ìgbà tí mo jókòó tì í dáadáa. Aago ni ó ń darí filter-buffer. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ni a fi ń ka iye tí à ń kọ fún un, kì í sì í gba òdo. Bí a bá kọ 100000, gbogbo páákẹ́ẹ̀tì tí ó bá dé láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá á dúró títí àkókò náà á fi pé, wọn á sì jáde lápapọ̀, yálà ẹ̀dà ti délé tàbí kò tíì délé. Ní ọjọ́ tí èrò kò pọ̀, ẹ̀dà lè tètè dé. Ní ìparí oṣù, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń sanwó lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó yí padà nínú ìrántí sáfà á pọ̀, ẹ̀dà á sì pẹ́ lọ́nà, bẹ́ẹ̀ aago kò ní dúró dè é. Kò sí iye kankan tí a lè kọ síbẹ̀ tí ó máa wo ọ̀ràn yìí sàn.

Ètò COLO tí ó wà nínú QEMU gba ọ̀nà mìíràn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Sáfà méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Filter-mirror ń fi ohun tí ó wọlé ránṣẹ́ sí èkejì pẹ̀lú, filter-rewriter ń bá èkejì tún nọ́ńbà tí TCP fi ń to páákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe kí ó lè bá ti èkínní mu, colo-compare sì ń fi èsì àwọn méjèèjì wéra. Bí èsì bá dọ́gba, ti èkínní á jáde lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, a ó mú ẹ̀dà tuntun kí ó tó jáde.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ìdádúró ń mú kí iṣẹ́ falẹ̀. Òtítọ́ ni, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dá páákẹ́ẹ̀tì ìpè fóònù dúró báyìí, nítorí pé ohùn tí ó bá pẹ́ kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san gbèsè lè fara da ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí kò ṣeé fara dà ni ọjọ́ mẹ́ta níwájú akápò.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, Olóòtú, nígbà tí ẹ bá tún máa kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ gba àwọn alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ níyànjú láti bi oníṣẹ́ tí ó bá fẹ́ to sáfà fún wọn léèrè ohun tí ó ń tú páákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé aago ni, kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí ìwé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alábòójútó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan,
Ìbàdàn.