Ẹ jẹ́ kí máàkì wa dúró lórí iṣẹ́ tá a ṣe, kì í ṣe lórí iye èèyàn tó wò wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, a ò ní ṣàìdúpẹ́ pé ẹ ń fún àwa ọmọdé náà láyè láti sọ tẹnu wa. Ọ̀yọ́ ni mo wà, apá Owódé ni mo gba yàrá sí, ọdún kẹta mi rèé nílé ẹ̀kọ́ gíga. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ olùkọ́ tọ́rọ̀ kàn, torí mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ló kàn ń dùn mí tí mi ò lè gbé e mì mọ́.

Sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá ni. Olùkọ́ wa kan fún wa ní asáìnmẹ́ǹtì pé kí kálukú ṣe fídíò ìṣẹ́jú 3 nípa ara ẹ̀, ibi tó ti wá, ohun tójú ẹ̀ ti rí, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ká wá gbé e sórí Facebook, ká sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu kí ẹni tá a mọ̀ àtẹni tá ò mọ̀ lè rí i. Máàkì 20 ni wọ́n fi sí i, nínú 40 tó wà fún tẹ́ẹ̀sì àti asáìnmẹ́ǹtì kó tó wá kan 60 ti ìdánwò. Nínú 20 yẹn, 10 wà fún fídíò fúnra ẹ̀, 10 tó kù jẹ́ ti láìkì àti kọ̀mẹ́ǹtì tí fídíò náà bá kó jọ láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Ìdajì máàkì iṣẹ́ wa bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn tí ò wọ kíláàsì wa rí, tí wọn ò mọ nǹkan tí wọ́n kọ́ wa, tí wọ́n kàn dùbúlẹ̀ síbì kan tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè.

Èmi ṣe tèmi lórí bàbá mi àgbà tó ń fín igbá. Ẹ mọ̀ pé Ọ̀yọ́ wa yìí, igbá fínfín wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá wa mọ̀, bàbá mi àgbà fín in títí ojú wọn ò fi ríran dáadáa mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé dàgbà, mo gbé fóònù lé orí àpótí, mo kó àwọn igbá tó ṣẹ́ kù nílé jáde níkọ̀ọ̀kan, mo sọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ kékeré yẹn fa ọ̀nà sára igbá tọ́wọ́ wọn ò sì ní gbọ̀n. Ọjọ́ 4 ni mo fi ṣe é, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ti ń lọ gba iná sí fóònù torí iná ò sí ládùúgbò wa. Olùkọ́ fún mi ní 8 nínú 10 fún fídíò yẹn, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sí mi pé ó dáa. Láìkì 17 ni mo rí. Wọ́n fún mi ní 2.

Ọmọ kíláàsì wa kan, èrò pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí Facebook, ẹ̀gbọ́n bá a ṣíà á, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ láìkì ti lé ní 600, ó gba 10. Mi ò jowú ẹ̀, ọmọ dáadáa ni, fídíò ẹ̀ náà ò burú. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n wá torí ẹ̀ fún un ní máàkì, ṣé iṣẹ́ tó ṣe ni àbí ẹ̀gbọ́n tó ní? Àwọn méjì mìíì sì fowó ra láìkì, gbogbo kíláàsì ló mọ̀.

Ẹni tó mú mi kọ̀wé yìí gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ ilé wọn síta. Ó kọ́kọ́ ṣe fídíò lórí bó ṣe kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, láìkì 6. Nígbà tó rí i pé àwọn tó ń sunkún nínú fídíò ni láìkì ń rọ́ lọ bá, ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó wá sọ ìtàn bí bàbá wọn ṣe fi ilé sílẹ̀ lọ, bí òun àti ìyá òun ṣe sùn sínú ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan, ohun tí kò sọ fún èmi tá a jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà rí. Wọ́n fún un ní 9. Kò ju ọjọ́ 3 lọ lẹ́yìn náà tí oníbàárà kan fi dúró níwájú ìyá ẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán tó ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, a rí ọmọ yín lórí fóònù, ẹ mà ti jìyà o." Kò sẹ́ni tó bi ìyá yẹn léèrè kí wọ́n tó tú ọ̀rọ̀ ẹ̀ síta. Ọjọ́ 2 gbáko ni wọn ò fi jáde sọ́jà. Ọ̀rẹ́ mi yọ fídíò náà lójú ẹsẹ̀ tí máàkì jáde, ṣùgbọ́n àwọn kan ti dáńlóòdù ẹ̀, títí di báyìí tí mò ń kọ̀wé ó ṣì ń rìn kiri lórí WhatsApp.

Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá lóòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ sá tiẹ̀ kó sá a, èmi ò ní dí i lọ́wọ́. Kí wọ́n wá ní ẹni tí ò bá sá a ò ní gba máàkì, ibẹ̀ ni mo ti kọ̀ ọ́.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni máàkì mẹ́fà méje máa ṣe fún èèyàn. Ẹ jẹ́ n ṣírò ẹ̀ fún yín. Lọ́dọ̀ wa, 70 sókè ni A, ìyẹn pọ́ìǹtì 5, 60 sí 69 ni B, pọ́ìǹtì 4. 64 ni mo ní nínú kọ́ọ̀sì yẹn. Ká ní gbogbo máàkì 20 yẹn wà lórí fídíò ni, 8 nínú 10 tí wọ́n fún mi á di 16, dípò 10 tí mo gbà, 64 mi á sì di 70. Kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 ni, ìlọ́po 3 ni wọ́n máa ń ka pọ́ìǹtì ẹ̀, nítorí náà pọ́ìǹtì 12 ni mo kó síbi tí mi ò bá ti kó 15. Bó bá ṣe ń gorí ara wọn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá fi iye yúníìtì pín gbogbo ẹ̀, ẹnì kan á fi 3.49 jáde, ìyẹn second class lower, ẹnìkejì á fi 3.50 jáde, ìyẹn upper, ilé iṣẹ́ sì pọ̀ tí wọn ò ní wo fọ́ọ̀mù ẹni tí kò bá ní upper. Láìkì ló ń yà wá sọ́tọ̀ báyìí o.

Mo ronú sí bí bàbá mi àgbà ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn wò. Wọ́n á gba igbá náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á gbé e síbi tí oòrùn wà, wọ́n á fi ìka tọ ojú ọ̀nà náà yí po, wọ́n á ní, "Ọ̀bẹ ẹ yọ̀ níbí, wò ó, o ti ń kánjú." Bí ọmọ náà bá ní ẹ̀yin bàbá, wọ́n mà ti ra èkejì ẹ̀ lọ́jà láàárọ̀, wọ́n á ní ẹni tó rà á lè jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń ṣú tó fẹ́ máa lọlé, ó lè jẹ́ ojú àánú ló fi wò ọ́, ìyẹn ò sọ pé o mọ̀ ọ́n fín. Títí wọ́n á fi ṣe fìrídọ̀mù fún ọmọ yẹn, kò sígbà tí wọ́n ka iye oníbàárà mọ́ ọn lára. Ọmọ náà á sì mọ ibi tó kù sí gan-an. Èmi tí mo gba 2 yìí, kí ni mo kọ́ níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀bẹ mi yọ̀ síbì kan.

Facebook fúnra ẹ̀ náà, òun ló ń yan ẹni tó máa fi nǹkan hàn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rẹ́ ẹni ló ń rí ohun téèyàn gbé síbẹ̀, èyí táwọn èèyàn bá tètè dá lóhùn ló máa ń gbé síwájú ẹlòmíì, tèmi tí mo gbé síbẹ̀ láago méjì òru torí dátà alẹ́ ló dín lówó, ta ló fẹ́ rí i?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn olùkọ́ wa. A lé ní 200 nínú kíláàsì náà, olùkọ́ kan ṣoṣo ni, kíka láìkì sì yá ju jíjókòó wo fídíò 200 lọ. Mo bá wọn kẹ́dùn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ohun tó yá lè má tọ́.

Èkejì ẹ̀ tún rèé. Nígbà tí èsì jáde, orúkọ kálukú àti máàkì ẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ gbọọrọ, ẹnì kan ya fọ́tò ẹ̀, ó jù ú sí grúùpù WhatsApp, gbogbo wa rí ẹni tó gba F. Bẹ́ẹ̀ lásìkò ìdánwò nọ́ńbà matiríìkì nìkan là ń kọ síwèé kí ẹni tó ń mákì má bàa mọ̀ wá. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 37, sọ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ààbò. Lóṣù kẹfà ọdún 2023 sì ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ààbò dátà, tí kò jẹ́ kí wọ́n kàn máa lo ọ̀rọ̀ nípa ẹni bó ṣe wù wọ́n. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe irú ẹ̀ fún èsì akẹ́kọ̀ọ́ láti 1974. Ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn kan tí gbogbo ayé ń pariwo, sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ àwọn ọmọ tuntun, wọn kì í kọ A tàbí B sínú àkọsílẹ̀ wọn, ẹni tó yege ni wọ́n máa kọ pé ó yege, ẹni tí kò bá yege wọn ò ní kọ kọ́ọ̀sì yẹn síbẹ̀ rárá. Kí wọ́n má bàa kó ìpáyà bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ẹ má rò pé mo kórìíra íntánẹ́ẹ̀tì o. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Fídíò bàbá mi àgbà ṣì wà níbẹ̀, èmi ni mo fi í sílẹ̀, bàbá ló sì gbà kí n fi wọ́n hàn, mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Obìnrin kan láti Ìsẹ́yìn kọ̀wé sí mi pé bàbá òun náà fín igbá, a ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà 3. Ìdùnnú tí mo rí níbẹ̀ ju máàkì 10 lọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ò fẹ́ gbé ayé ẹ̀ síta lè fi iṣẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ nìkan, kí máàkì méjèèjì sì dọ́gba. Kí wọ́n sọ fún wa ṣáájú ohun tí wọ́n máa wò kí wọ́n tó fún wa ní máàkì, kí wọ́n kọ ìlà kan péré sí wa nípa ibi tá a kù sí. Kí èsì kálukú wá bá a lọ́tọ̀.

Sẹ̀mẹ́sítà yìí, olùkọ́ mìíì tún ti fún wa ní irú asáìnmẹ́ǹtì yẹn, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa gbé e sílẹ̀. Èmi, ọ̀rẹ́ mi yẹn àtàwọn mẹ́rin mìíì ti kọ lẹ́tà, a fọwọ́ sí i, a mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbà á, wọ́n ní àwọn máa kà á. Ọ̀rẹ́ mi ti padà sórí fídíò aṣọ rírán ẹ̀, ó ń ṣe é lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, Owódé, Ọ̀yọ́.