Lẹ́tà sí Gaylord Wilshire

Ọ̀gbẹ́ni Wilshire,

Ìrántí ikú bàbá mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn àbúrò mi ń dáwó jọ n'Ìbàdàn, èmi wà nínú bọ́ọ̀sì 720 ní Los Angeles níbí, lórí òpópónà tí wọ́n fi orúkọ yín sọ, wọ́n sì ń pe orúkọ náà sí mi létí láàárọ̀ lálẹ́ bí a bá ti dé ibùdókọ̀: Wilshire àti Vermont, Wilshire àti Western. Látìgbà tí mo ti ka ìtàn yín ni orúkọ yẹn ti ń gún mi lọ́kàn.

Kí n tó dé ibi tó ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n yìn yín níbi tó yẹ. Oníṣòwò ilẹ̀ àti pátákó ìpolówó ni yín, owó wà lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tó fi dandan lé e pé kí ẹ dá sí ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù. Síbẹ̀, ní 1890, ẹ gbé àpótí ìbò ní California láti lọ sílé aṣòfin, ẹ ń wàásù sósíálíìsì. Ẹ kò wọlé. Ẹ gbé àpótí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tún gbé e ní Kánádà, ẹ kò wọlé, ẹ kò sì dákẹ́. Ní 1900, wọ́n mú yín torí pé ẹ dúró sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú yìí. Adájọ́ ló tú ẹjọ́ náà ká. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn yín rìn lówó pọ́ọ́kú, ẹ gbé e lọ sí Toronto, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Igbe yín kò yí padà: kí orílẹ̀-èdè gba àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá lọ́wọ́ àwọn olówó díẹ̀ tó kó wọn jọ.

Bàbá mi ìbá fẹ́ràn yín. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka tiwọn. Bí wọ́n bá ti ìpàdé dé, wọ́n á máa rojọ́ rẹ̀ fún wa nídìí oúnjẹ títí ọbẹ̀ á fi dì. Kọ́mrédì ni gbogbo ẹni tó bá wọlé wa ń jẹ́, títí kan ẹni tó ń tún fáànù ṣe. Wọn ìbá dárí jì yín pàápàá pé ẹ fún ìlú ní ilẹ̀ tí òpópónà yìí ti bẹ̀rẹ̀, lórí àdéhùn pé rélùwéè kò gbọdọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà níbẹ̀ dòní.

I-ON-A-CO, ẹ̀rọ ìwòsàn tí ẹ ń tà, ni mi ò lè gbé mì. Ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà. Wáyà ni ẹ ká róbótó bí ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹṣin lọ́rùn, ẹ fi nǹkan bò ó, ẹ ní kí èèyàn kọ́ ọ sára, kó kì í bọ iná, á sì ṣiṣẹ́ lórí irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àrùn wo ni ẹ ò ní ó ń wò? Jẹjẹrẹ wà lára wọn. Dọ́là 58 àti àbọ̀ ni fún ẹni tó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan, dọ́là 65 fún ẹni tó bá ń san án díẹ̀díẹ̀. Wáyà kékeré kan tún wà tó ní gílóòbù. Bí wọ́n bá gbé e sún mọ́ ńlá, gílóòbù náà á tàn.

Bàbá mi náà ra bẹ́líìtì ìwòsàn kan. Ó ní iná pupa kékeré kan, lápá òsì, nítòsí ìdodo. Bó bá ti tàn, wọ́n á ké sí ìyá mi: "Ìyá Ṣadé, wá wò ó, ó ń ṣiṣẹ́!" Bátìrì ló wà níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n jọ yanṣẹ́ lódì rí, wọ́n sì pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Ọkùnrin yẹn kò polówó púpọ̀. Kọ́mrédì ló pè wọ́n. Lálẹ́ tí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, bẹ́líìtì wà lára wọn, iná rẹ̀ ń tàn. Iná yẹn ni mo máa ń rí, n kì í rí ojú wọn mọ́.

Àwọn tó ra ṣíà ibi ìwakùsà wúrà yín ní Bishop Creek, ní California, inú ìwé ìròyìn sósíálíìsì yín ni wọ́n ti kà nípa rẹ̀. Ẹni tí kò ní fọkàn tán báńkì láéláé fọkàn tán yín, torí ẹ ti bá a bú olówó, wọ́n sì ti torí tirẹ̀ mú yín. Ohun tí ẹ tà gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin náà ò jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Ní September 1927, ẹ kú sí New York, ọrọ̀ ti tán.

Ṣé ẹ gbà á gbọ́? Ọkùnrin tó ta bẹ́líìtì fún bàbá mi wọ tirẹ̀ wá síbi ìsìnkú. Mo rí iná rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Ó sunkún ju àwa ọmọ lọ. Mo ti fẹ́ kórìíra rẹ̀, omijé yẹn kò jẹ́.

Lánàá, àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́. Ìyá wa ti gbọ́ nípa bẹ́ẹ̀dì onímágínẹ́ẹ̀tì kan tó ń wo orúnkún, ọmọ ìjọ wọn ló ń tà á, kí n fi owó rẹ̀ kún owó ìrántí. Owó ilé tèmi ti lọ sókè. Àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú wà ní ọsibítù, ẹni tí kò sí níṣẹ́, wọn kì í san owó fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí owó. Bí mo bá ní rárá, Màmá á ní òyìnbó ti gba ọmọ òun. Bí mo bá fi ránṣẹ́, wọ́n á sùn lé e, wọ́n á sì dẹ́kun lílọ sọ́dọ̀ dókítà.

Màá pè wọ́n lálẹ́ òní, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ gba nọ́ńbà ẹni tó ń tà á, kí èmi gan-an bá a sọ̀rọ̀.

Ṣadé