Kọfí tó ń jẹ́ orúkọ Abẹ́òkúta

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ojú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ yín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó wo ti òṣèlú, torí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama títí mo fi fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ kọfí tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá dùn ún kà. Ẹni tó kọ ọ́ mú wa dé Ítálì, ó mú wa dé Turkey, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pò ó níbẹ̀. Ibi tó parí rẹ̀ sí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní kọfí kì í ṣe ohun tiwa nílẹ̀ Yorùbá, àti pé ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín ní Abẹ́òkúta, kó lọ ra irúgbìn Arabica, ẹ̀yà kọfí kan. N óò sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀: kò rí bẹ́ẹ̀, lápá méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Arabica bẹ̀rẹ̀. Ọmọ òkè ni. Igbó orí òkè ní Ethiopia ni orírun rẹ̀, ibi tí ara máa ń tutù díẹ̀, ohun tó sì bá a lára mu jù ni ojú ọjọ́ tó wà láàárín nǹkan bí 18 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Nàìjíríà, orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba ló ti rí irú ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró de mọ́tò ní Láfẹ́nwá lọ́sàn-án oṣù kẹta, ẹ bá mi dá sí i: ṣé Mambilla lẹ wà? Síbẹ̀, àwọn kan ń polówó irúgbìn yìí lórí fóònù fáwọn ará wa, wọ́n ní owó ò ní pẹ́ wọlé. Aládùúgbò mi kan fi owó àjọ ra tiẹ̀. Kí ọyẹ́ tó lọ, gbogbo rẹ̀ ti rọ.

Kọfí tó mọ ilẹ̀ wa ni Liberica. Nínú igbó ilẹ̀ pẹrẹsẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀, Nàìjíríà wà nínú ibẹ̀, ooru wa kì í ṣe ohun tó ń bà á lẹ́rù. Lọ́dún 1869, àrùn kan bọ́ sára ewé Arabica ní Ceylon, ìyẹn Sri Lanka òde òní. Àrùn náà á da ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú sábẹ́ ewé, ewé á wọ́ dànù, igi á sì dúró bẹ́ẹ̀ láìso. Ibi tó ba oko kọfí Ceylon jẹ́ dé, tíì ni wọ́n gbìn rọ́pò rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nínú ìdààmú yẹn ni àwọn òyìnbó sáré kó Liberica láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Java ní Indonesia, àti Malaya tó wà nínú Malaysia òde òní. Àrùn náà padà mú òun náà ní Java, Robusta, ẹ̀yà kọfí mìíràn, ló wá gba ipò rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn 1900. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n kó lọ, ẹ̀yà kan wà tí Cramer, ọmọ Holland tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí kọfí ní Java, fún lórúkọ. Ẹ jókòó dáadáa kẹ́ ẹ tó kà á: Coffea abeokutae.

Abeokutae o! Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, ìlú wa wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, ó sì wà níbẹ̀ nítorí kọfí. Òótọ́ ni pé wọ́n ti kà á mọ́ Liberica báyìí, wọn ò fi ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀ mọ́. Ìyẹn ò sọ pé kí ìwé ìròyìn tí à ń tà ní Kútọ̀ máa kọ ọ́ pé kọfí kì í ṣe tiwa.

Ọ̀kan nínú igi náà wà lóko bàbá mi lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Ó ga ju òrùlé ilé oko lọ, àkàsọ̀ la fi ń ká a, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ. Bí èso rẹ̀ bá pọ́n, àwọn ọmọdé á máa fa omi dídùn ara rẹ̀ mu, wọ́n á tu kóró dà nù. Àbúrò mi ti fẹ́ gé e kó lè ráyè gbin ẹ̀gẹ́. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. N óò sá èso náà títí tí èèpo rẹ̀ yóò fi gbẹ koránkorán, n óò gún un nínú odó jẹ́jẹ́, n óò fẹ́ èèpo kúrò. Kóró Liberica tóbi, ó sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà àárín rẹ̀ kò lọ tààrà. Àgbada tí ìyàwó mi fi ń yan gààrí ni mo fi ń yan án lórí iná èédú, ọwọ́ mi kì í sì í dúró lórí rírò ó. Lákọ̀ọ́kọ́ òórùn koríko tútù ló máa ń jáde. Tó bá yá, òórùn búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni kóró á bẹ̀rẹ̀ sí í dún pá, pá, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sọ. Tí ó bá ti dún tán, n kì í jẹ́ kó pẹ́ kí n tó dà á sórí atẹ, kí n máa fẹ́ ẹ kó lè tètè tutù. Ẹni tó bá jẹ́ kó dúdú tó ń sọ epo, eérú ló máa mu. N óò lọ̀ ọ́, n óò da omi gbígbóná lé e, n óò fi aṣọ ìsẹ́ògì sẹ́ ẹ. Ní Malaysia, àpò aṣọ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń sẹ́ tiwọn, àfi pé wọ́n máa ń fi ṣúgà àti bọ́tà yan kóró, wọ́n á tún fi mílíìkì dídùn inú agolo lé e. Ní Batangas, lórílẹ̀-èdè Philippines, Liberica yìí ni wọ́n ń pè ní barako. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bù ú lé ìrẹsì jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú lé ọ̀fàdà o.

Ní ti bó ṣe rí lẹ́nu: ó wúwo, kò kan, òórùn èso tó ti pọ́n jù wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó ń fi ìtọ́wò kọfí ṣiṣẹ́ ní ìlànà tiwọn, ó sì rọrùn láti ṣe nílé: gíráàmù 8.25 kọfí lílọ̀ sínú ife tó gba mìlílítà 150, omi gbígbóná tó tó nǹkan bí 93 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kọfí á léfòó bí èèpá, wọ́n á fi ṣíbí là á, wọ́n á ti imú bọ̀ ọ́, wọ́n á gbọ́n ìfófòó kúrò. Nígbà náà ni wọ́n á wá fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo tí ìyá mi ì bá torí rẹ̀ gbá mi létí. Máàkì 100 ni wọ́n ń gbà á lé. Èyí tó bá gba 80 sókè ni wọ́n ń kà sí ojúlówó. Kọfí inú ọ̀rá pélébé tí gbogbo wa ń pò láàárọ̀, ẹlòmíràn ló ti pò ó nílé iṣẹ́, tó ti fa omi rẹ̀ gbẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ Robusta. N kò bá ẹni tó ń mu ún jà. Mo ń sọ pé kí wọ́n má fi ìyẹn dá kọfí lẹ́jọ́ ni.

Ohun kan tún wà tí òǹkọ̀wé yín fò, èmi ò sì lè fò ó, torí lẹ́kúlẹ́jà nìyàwó mi ní Ìtòkú. Ní Senegal, kọfí tí wọ́n ń mu káàkiri ìgboro ni kọfí Touba, tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Sheikh Amadou Bamba, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Mouride. Wọ́n ń yan èso kan mọ́ kóró kọfí, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á bu ṣúgà sí i dáadáa. Djar ni wọ́n ń pe èso náà. Ẹ̀ẹ̀rù ni! Ẹ̀ẹ̀rù tí à ń fi se ọbẹ̀ abiyamọ, tí wọ́n ń tò sórí àtẹ ní Ìtòkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànáfùrù. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní, “Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ ti ń mu oògùn mi tán, ẹ tún fẹ́ fi mu kọfí.” Ṣùgbọ́n òun ló bù ú fún mi, òun náà ló sì mu èyí tó pọ̀ jù. Ó ń ta lọ́nà ọ̀fun díẹ̀, ó dára fún òjò.

Mo gba òǹkọ̀wé yín níyànjú pé tó bá tún ń kọ ọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti Ethiopia kó tó dé Ítálì. Níbẹ̀, ojú àlejò ni wọ́n ti ń yan kóró, tí wọ́n ń gún un lódó, tí wọ́n ń sè é nínú ìkòkò amọ̀ tó ń jẹ́ jebena, tí tùràrí sì ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú: abol, tona, baraka. Àlejò tó bá dìde kó tó kan baraka ti ṣe àìdáa.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín nìyí. Ẹ rán akọ̀ròyìn kan lọ sí ilé ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayunrẹ́ nílùú Ìbàdàn. Láti 1964 ni ibẹ̀ ti wà, kọfí sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú kòkó, obì, kajú àti tíì. Kó bi wọ́n bóyá Liberica ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà nínú oko wọn. Kó tún ya ọ̀dọ̀ àwọn ará FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí, kó bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá wa ṣà èyí tó ṣẹ́ kù lóko jọ. Ní Sierra Leone, ẹ̀yà kọfí kan tó ń jẹ́ Coffea stenophylla ti di ohun ìgbàgbé kí àwọn onímọ̀ tó wá a rí nínú igbó lọ́dún 2018. Nígbà tó fi máa di 2021, ìwé ti jáde pé ó fara da ooru, àwọn atọ́wò sì ní ó dùn tó Arabica.

Ẹni tó bá ní igi kọfí tó ga, tó ní ewé fífẹ̀ àti èso ńlá lóko rẹ̀, yálà ní Ọ̀dẹ̀dá, Ọbáfẹ́mi-Owódé tàbí ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, kó kọ̀wé sí ojú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ yín, kó sọ abúlé tó wà. Bí ẹ bá tẹ orúkọ àwọn abúlé náà jáde, èmi á fi kóró tèmi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín fún ẹni tó bá fẹ́ gbìn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì,
Àṣerò, Abẹ́òkúta.