Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Bí Ó Tilẹ̀ Pẹ́

Ẹ̀yin ará, àgbà kan nínú ìjọ wa, tí rọpárọsẹ̀ ti bá jà, fọwọ́ kọ ìwé ìtàn àròsọ; ọmọ ìjọ kan yà á sórí WhatsApp, àwọn kan nínú yín fi í rẹ́rìn-ín, àgbà náà ò sì wá sáàárín wa mọ́. Láti Ọjọ́rú ni Hábákúkù 2, ẹsẹ 2 àti 3, kò ti jẹ́ kí n gbádùn. "Kọ ìran náà, kí o sì hàn án lára wàláà, kí ẹni tí ń kà á lè máa sáré." Ẹsẹ tó tẹ̀lé e ló takókó: "bí ó tilẹ̀ pẹ́, dúró dè é," ó tún ní "kì yóò pẹ́." Báwo ni nǹkan ṣe ń pẹ́ tí kò sì pẹ́? Lójú èrò ìwòran, ó pẹ́. Lọ́dọ̀ Ẹni tó yan ìgbà, àsìkò rẹ̀ ló tó. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé "kọ" ló ṣáájú "dúró". Gègé wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró yìí.

Walter Scott ará Skọ́tláńdì kò tíì pé ọmọ ọdún 2 tí rọpárọsẹ̀ fi mú un. Ó tiro dọjọ́ ikú. Ẹni ọdún 42 ni nígbà tí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1814.

"Hàn án": ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń kọ̀wé, ojú kan bébà ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ máa fo ìlà kan, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé, torí fáànù kò mọ orí kejì yàtọ̀ sí ìkẹta. Ẹ ya bébà kan sọ́tọ̀ fún orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn, kí Àdùkẹ́ má baà di Àbẹ̀kẹ́ ní orí kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ 300 lójúmọ́ fún ọjọ́ 200, 60,000 nìyẹn. Àárọ̀ tára ṣì le ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Ohun tó ń pa ìwé jù ni títún orí kìíní kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ parí. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ilé ìtẹ̀wé ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ. Àní ọmọ ìjọ!

Bíbélì ní kí ẹni tí ń kà á máa sáré. Kò ní kó máa rẹ́rìn-ín. Ìwé àfọwọ́kọ kì í ṣe bébà ẹ̀pà, kì í sì í ṣe ohun tí à ń yà sórí WhatsApp. Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín gan-an, ewú ni àbí ọ̀pá? Ẹ má sì pe àárẹ̀ ní ọ̀lẹ: rọpárọsẹ̀ a máa fi àìlágbára tuntun bá àwọn mìíràn jà lẹ́yìn ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tì mí fún yín.

Àgbà wa, ẹ̀yin tí inú yín ṣì bàjẹ́, àga yín lẹ́bàá ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jókòó lé e. Ẹ padà wá. A fẹ́ gbọ́ bí ìtàn náà ṣe parí.

Ìkéde: Ìmọ́tótó ilé ìjọ, Sátidé, aago 7 àárọ̀. Ẹni tó yá àga oníke mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́, kó dá wọn padà. A ń wá ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀, ojú ewé àfọwọ́kọ bíi 140. Kó rí akọ̀wé ìjọ.